Ihò inú òfin: Bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń fi afẹ́fẹ́ gba ife ẹ̀yẹ nínú ìdíje ọkọ̀ Formula One

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Honda ti orílẹ̀-èdè Japan kéde pé òun ti yọwọ́ nínú ìdíje ọkọ̀ Formula One. Ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀ lásìkò náà, ọjà ọkọ̀ sì ti kú. Àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ eré ìje fún Honda ní ìlú Brackley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ọdún tuntun bá dé.

Ní oṣù Kẹta, ọdún 2009, ọ̀gá ikọ̀ náà, Ross Brawn, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Honda ní iye owó tí kò ju pọ́n-ùn kan lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Brawn GP. Onígbọ̀wọ́ wọn kò tó nǹkan, ara ọkọ̀ wọn funfun báláú, ẹ́ńjìnì tí wọ́n lò sì jẹ́ ti Mercedes, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà nígbà tí iṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà ti jìnnà.

Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Australia, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, Jenson Button ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Rubens Barrichello, ọmọ orílẹ̀-èdè Brazil tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú ikọ̀ kan náà, ló ṣe ipò kejì. Nínú ìdíje méje àkọ́kọ́ lọ́dún náà, Button borí nínú mẹ́fà. Kí ọdún tó parí, ikọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti kú ti gba ife ẹ̀yẹ awakọ̀ àti ife ẹ̀yẹ ikọ̀ papọ̀.

Kí ló wà lára ọkọ̀ náà? Ọ̀pọ̀ nǹkan ni. Ṣùgbọ́n èyí tó dá awuyewuye sílẹ̀ jù lọ ni àlàfo kan lábẹ́ ìdí ọkọ̀, níbi tí àwọn tó kọ òfin kò rò pé ẹnikẹ́ni lè la ihò sí.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lára ọkọ̀ eré ìje, bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń ka òfin ìdíje náà, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan iṣẹ́ àti ẹ̀mí àwọn ènìyàn.

Kí ni afẹ́fẹ́ ń ṣe lára ọkọ̀ eré ìje?

Ẹni tó bá ti na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe òfìfo. Bí ẹ bá gbé iwájú àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé ọwọ́ yín lọ sókè. Bí ẹ bá tẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ni ọkọ̀ òfurufú fi ń gbéra. Ọ̀nà kejì ni ọkọ̀ eré ìje ń lò: ìyẹ́ tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ dà bí apá ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Kí nìdí tí ọkọ̀ fi nílò kí afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Nítorí táyà ni. Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣófo lójú ọ̀nà tí kò dán, bó ṣe ń fò sókè sódò. Bí wọ́n bá di ẹrù sí i, táyà rẹ̀ á túbọ̀ di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹrù náà á fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tó bá fẹ́ sáré, á sì fẹ́ tì í jáde kúrò lójú ọ̀nà nígbà tó bá ń yà ní kọ́nà. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹrù tí a lè dì sórí ọkọ̀ tí ìwọ̀n ọkọ̀ náà kò ní fi lé sí i. Nígbà tí ọkọ̀ Formula One bá wà lórí eré tó pọ̀, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ máa ń ju ìwọ̀n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi lè gba kọ́nà kọjá lórí eré tí ọkọ̀ tí à ń wà láàárín ìlú yóò fi takìtì.

Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́. Ìyẹ́ tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ náà ló tún ń dí i lọ́wọ́ nígbà tó bá ń sáré lójú ọ̀nà tó gún. Nítorí náà, ohun tí gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa láì fà á sẹ́yìn púpọ̀.

Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti rí i. Ẹ mú abala ìwé méjì, ẹ gbé wọn dojú kọ ara wọn kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí àárín náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé àwọn ìwé náà á jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n á fà mọ́ra. Bí omi odò ṣe máa ń yára níbi tí odò bá ti há, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń yára níbi tí ọ̀nà rẹ̀ bá ti há, tó bá sì ti yára, agbára tó fi ń ti ohun tó yí i ká á dínkù. Bí abẹ́ ọkọ̀ bá súnmọ́ ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ á dà bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ náà mọ́ra.

Ní ìdí ọkọ̀, abẹ́ rẹ̀ máa ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè tàn ká bó ṣe ń jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní diffuser. Bí àyè yìí bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, tí ọkọ̀ yóò sì di ilẹ̀ mú tó.

Ìgbà wo ni òfin kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́?

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ikọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìyẹ́ gíga sórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọkọ̀ wọn. Ní ìdíje orílẹ̀-èdè Spain tó wáyé ní Montjuïc, nílùú Barcelona, lọ́dún 1969, ìyẹ́ ọkọ̀ Lotus méjèèjì já lójú eré. Graham Hill àti Jochen Rindt ní ìjàm̀bá, Rindt sì farapa. Nígbà tí ìdíje tó tẹ̀ lé e dé ní Monaco, àwọn aláṣẹ fòfin de àwọn ìyẹ́ gíga náà.

Láti ìgbà náà ni òfin kan ti fìdí múlẹ̀ tó ṣì jẹ́ orísun ìjà títí di òní: ohun yòówù tó bá ń darí afẹ́fẹ́ lára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in lójú kan. Kò gbọdọ̀ mira. Gbólóhùn kúkúrú ni, ó sì jọ ohun tó yé tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọkọ̀ tí fáànù wà ní ìdí rẹ̀

Colin Chapman, olùdásílẹ̀ Lotus, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lo agbára abẹ́ ọkọ̀ dójú àmì nínú Formula One. Ọkọ̀ Lotus 78 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1977 ní ìyẹ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n sì fi pátákó tó dà bí yẹ̀rì dí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí kan ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ìta má baà wọ abẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1978, Lotus 79 tó tẹ̀ lé e gbé Mario Andretti dé ipò olúborí àgbáyé.

Gordon Murray, tó ń ya àwòrán ọkọ̀ fún ikọ̀ Brabham, mọ̀ pé òun kò lè fara wé Lotus, nítorí pé ẹ́ńjìnì Alfa Romeo tí Brabham ń lò fẹ̀ jù, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún irú abẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé fáànù ńlá kan sí ìdí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì ló ń yí fáànù náà, fáànù sì ń fa afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀, débi pé bí awakọ̀ bá tẹ ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, ọkọ̀ náà á lọ sílẹ̀.

Ǹjẹ́ fáànù kì í mira ni? Brabham dáhùn pé fáànù náà wà láti mú ẹ́ńjìnì tutù ni, nítorí pé rédíétọ̀ ló fi ń fa afẹ́fẹ́ kọjá. Òfin tó wà nílẹ̀ fòfin de ohun tó ń mira tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an bá jẹ́ láti darí afẹ́fẹ́. Brabham ní èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fáànù àwọn ni mímú ẹ́ńjìnì tutù, pé títẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kàn jẹ́ èrè orí rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 1978, Niki Lauda wa ọkọ̀ náà ní Anderstorp, lórílẹ̀-èdè Sweden, ó sì fi ohun tó ju ìṣẹ́jú àáyá 34 lọ ṣáájú ẹni tó ṣe ipò kejì. Àwọn ikọ̀ yòókù fárígá. Ẹni tó ni Brabham nígbà náà, Bernie Ecclestone, náà ló ń ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ikọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà fọ́. Ó gbé ọkọ̀ náà wọlé. Kò tún sáré nínú ìdíje Formula One mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìṣẹ́gun náà lọ́wọ́ Lauda, torí pé kò rú òfin kankan lọ́jọ́ tó borí.

Bí wọ́n ṣe tan ẹni tó ń fi rúlà wọn ọkọ̀

Ewu ńlá wà nínú agbára abẹ́ ọkọ̀. Bí yẹ̀rì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bá há sókè, tàbí tí táyà gun òkè kékeré lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ìta á ya wọ abẹ́ ọkọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ohun tó di ọkọ̀ mọ́lẹ̀ á pòórá, láàárín kọ́nà, lórí eré tí kò sí awakọ̀ tó lè kó o níjàánu.

Nítorí náà, lọ́dún 1981, àwọn aláṣẹ fòfin de yẹ̀rì tó ń lọ sókè sódò, wọ́n sì pàṣẹ pé àlàfo sẹ̀ǹtímítà 6 gbọ́dọ̀ wà láàárín ilẹ̀ àti abẹ́ ọkọ̀. Murray tún ka òfin náà dáadáa. Ó rí i pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi rúlà wọn ọkọ̀ tó ń sáré. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nìkan ni wọ́n lè wọ̀n ọ́n.

Ó ṣe ọkọ̀ kan tó jókòó lórí epo àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú páìpù. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí eré bá ti dínkù ní ìparí ìdíje, á tún gbéra padà. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 6 ti pé. Nelson Piquet, ọmọ orílẹ̀-èdè Brazil, fi ọkọ̀ náà gba ife ẹ̀yẹ awakọ̀ lọ́dún 1981.

Àwọn ikọ̀ yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀, eré sì ń pọ̀ sí i ní kọ́nà. Láti ọdún 1983, òfin pàṣẹ pé kí abẹ́ ọkọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìdí tí pákó fi wà lábẹ́ ọkọ̀ olówó iyebíye

Ìparí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún 1994 ló fi han gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ife ẹ̀yẹ. Ní Imola, lórílẹ̀-èdè Italy, ìyẹ́ iwájú ọkọ̀ Roland Ratzenberger já lórí eré ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ó sì kú. Ní ọjọ́ kejì, Ayrton Senna, ọmọ Brazil tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta, kú nínú ìjàm̀bá mìíràn.

Lára àwọn àtúnṣe tí àjọ FIA, tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ṣe lọ́dún náà ni pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé pákó tó nípọn tó mìlímítà 10 sí abẹ́ rẹ̀. Bí ikọ̀ kan bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ jù, ilẹ̀ á fá pákó náà. Bó bá ti fá ju mìlímítà 1 lọ, wọ́n á fagi lé èsì ọkọ̀ náà. Èyí ni ìdáhùn sí ọgbọ́n ọdún 1981: ẹlẹ́rìí tó bá ọkọ̀ sáré, tó sì padà wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Pákó náà ṣì ń ṣẹjọ́ títí di òní. Lọ́dún 2023, ó gba èsì lọ́wọ́ Lewis Hamilton àti Charles Leclerc ní Austin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ní Las Vegas, ó mú kí wọ́n fagi lé èsì Lando Norris, tó ṣe ipò kejì, àti ti Oscar Piastri, tó ṣe ipò kẹrin, tí àwọn méjèèjì ń wakọ̀ fún McLaren. Àwọn aláṣẹ gbà pé McLaren kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n pákó kì í béèrè èrò ọkàn ẹni. Àmì 18 ni Norris pàdánù lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọdún sì parí, àmì 2 péré ló fi ṣáájú Max Verstappen láti gba ife ẹ̀yẹ.

Àlàfo ọdún 2009: Ihò àbí kì í ṣe ihò?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọkọ̀ funfun ti Brawn. Fún ọdún 2009, FIA yí òfin padà kí agbára afẹ́fẹ́ lè dínkù, kí awakọ̀ sì lè ráyè kọjá lára ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Òfin ní diffuser kò gbọdọ̀ ga ju mìlímítà 175 lọ. Ó tún ní ojú abẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ní ihò.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ Formula One kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Àárín rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ga ju àárín lọ díẹ̀. Ẹ fi wé ilé tí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ga ju ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ ní àtẹ̀gùn kan. Onílé wá kìlọ̀ fún ayálégbé pé kò gbọdọ̀ gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ yàrá, kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ayálégbé kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibi tí ilẹ̀ yàrá ti pàdé ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló fi àlàfo sí.

Ohun tí Brawn, Toyota àti Williams ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ojú ìsàlẹ̀ pé pérépéré, ojú òkè náà pé pérépéré, àlàfo tó wà láàárín ojú méjì kì í sì í ṣe ihò. Afẹ́fẹ́ gba àlàfo náà gòkè lọ sínú diffuser kejì tó wà lókè àkọ́kọ́, èyí tó fún un ní àyè tó ju èyí tí àwọn olófin ní lọ́kàn.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ náà dé Melbourne, afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ferrari, Renault àti Red Bull fẹ̀sùn kàn wọ́n. Àwọn aláṣẹ ìdíje dá ẹ̀sùn náà nù. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn FIA ní Paris, ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, ọdún 2009, ilé ẹjọ́ náà sì kéde pé ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá òfin mu.

Ross Brawn sọ fún àwọn oníròyìn lásìkò náà pé lọ́dún 2008, òun ti dá a lábàá níbi ìpàdé àwọn ikọ̀ pé kí wọ́n tún òfin náà kọ kó lè le sí i, pé wọn kò gbọ́. Àwọn tó kọ ìkìlọ̀ náà ló wá ń sáré padà sílé láti tún ìdí ọkọ̀ wọn ṣe láàárín ọdún. Láti ọdún 2011, FIA fòfin de diffuser onílé méjì náà.

Orúnkún awakọ̀ kò sí nínú ìwé òfin

Lọ́dún 2010, McLaren gbé tirẹ̀ dé. Wọ́n la ihò kékeré sí iwájú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ọ̀dọ̀ awakọ̀ kọjá nínú páìpù, ó sì ń lọ sí ìyẹ́ ẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá fi orúnkún dí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú páìpù náà á yí ọ̀nà padà, á sì da èyí tó ń ṣàn lára ìyẹ́ ẹ̀yìn rú. Ìyẹ́ náà kò ní fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì yára sí i lójú ọ̀nà tó gún.

Òfin ní nǹkan kan lára ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mira láti darí afẹ́fẹ́. Kò sí ohun tó mira lára ọkọ̀ náà. Orúnkún ènìyàn ló mira, orúnkún ènìyàn kì í sì í ṣe ara ọkọ̀.

Àwọn ikọ̀ yòókù tẹ̀ lé wọn. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ọwọ́ ni awakọ̀ ní láti fi dí ihò náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù lórí sítíárìn nígbà tí ọkọ̀ ń sá eré tó tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Wọ́n fòfin de ọgbọ́n yìí náà láti ọdún 2011. Ní ọdún yẹn kan náà ni FIA fọwọ́ sí ìyẹ́ ẹ̀yìn tó ń ṣí, tí wọ́n pè ní DRS, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè ráyè kọjá lára ẹni tó wà níwájú.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìyẹ́ tó ń tẹ̀ kò fi tán?

Òfin ní kí ìyẹ́ dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan láyé tí kì í tẹ̀ rárá bí agbára tó pọ̀ bá ti lé e. Nítorí náà, FIA máa ń fi ìwọ̀n ẹrù kan tẹ ìyẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì wo iye mìlímítà tó fi lọ sílẹ̀. Àwọn ikọ̀ mọ ibi tí wọn yóò ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Wọ́n dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí ìbéèrè kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò: wọ́n lè ṣe ìyẹ́ tó yege níwájú àwọn aláṣẹ, tí yóò sì tẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn lójú eré.

Lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, kámẹ́rà tó wà lórí ọkọ̀ Oscar Piastri ní Baku, lórílẹ̀-èdè Azerbaijan, fi hàn pé etí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí díẹ̀ nígbà tí eré bá pọ̀. Piastri ló borí lọ́jọ́ náà, ìyẹ́ rẹ̀ sì ti yege nínú gbogbo àyẹ̀wò. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí McLaren àti FIA jọ sọ̀rọ̀, ikọ̀ náà gbà láti tún un ṣe.

Láti ìdíje orílẹ̀-èdè Spain lóṣù Kẹfà, ọdún 2025, FIA mú àyẹ̀wò ìyẹ́ iwájú le sí i: ibi tí ìyẹ́ ti lè lọ sílẹ̀ tó mìlímítà 15 tẹ́lẹ̀, mìlímítà 10 ni wọ́n wá fàyè gbà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ rò pé èyí yóò já McLaren kulẹ̀. Ikọ̀ náà ló ṣe ipò kìn-ín-ní àti ìkejì ní Spain lọ́jọ́ náà.

Ṣé ìrẹ́jẹ ni wíwá àlàfo nínú òfin?

Ìdáhùn kò rọrùn. Ẹni tó rú òfin ní ìkọ̀kọ̀ mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Ẹni tó rí àlàfo nínú òfin lè dúró níwájú adájọ́ kó sì ka ìwé náà sókè. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni wọ́n fi kọ òfin, ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn sì máa ń ní ibi tí kò dé.

Àmọ́ àwọn kan máa ń san gbèsè àlàfo náà. Ikọ̀ tí kò lówó kò lè tún ọkọ̀ ṣe láàárín ọdún. Ìdí nìyí tí FIA fi pààlà sí owó tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ná láti ọdún 2021. Ìdí nìyí bákan náà tí ikọ̀ tó bá borí kì í fi rí àyè dán ọkọ̀ rẹ̀ wò nínú yàrá afẹ́fẹ́ tó èyí tó ṣe ipò ìkẹyìn.

Awakọ̀ náà ń fi ara rẹ̀ san án. Nígbà tí FIA dá agbára abẹ́ ọkọ̀ padà lọ́dún 2022, kí afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ iwájú má baà da ọkọ̀ ẹ̀yìn láàmú mọ́, àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò lójú eré. Agbára tó fa ọkọ̀ mọ́lẹ̀ á já lójijì bí abẹ́ ọkọ̀ bá ti súnmọ́ ilẹ̀ jù, ọkọ̀ á gbéra, agbára náà á tún dé, á tún fà á lọ sílẹ̀. Ní Baku lọ́dún náà, ẹ̀yìn dun Lewis Hamilton débi pé agbára káká ló fi jáde nínú ọkọ̀. Àwọn ikọ̀ kan mọ̀ pé bí àwọn bá gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀, fífò náà á dínkù, ṣùgbọ́n eré náà á dínkù pẹ̀lú. FIA ló ní láti dá sí i, tó sì pàṣẹ pé kí etí abẹ́ ọkọ̀ fi mìlímítà 15 gòkè sí i lọ́dún 2023.

Ní apá kejì, bí kò bá sí àlàfo, gbogbo ọkọ̀ á jọra, owó nìkan ni yóò sì máa borí. Àlàfo kan lábẹ́ ọkọ̀ wà lára ohun tó gba ilé iṣẹ́ Brackley là. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2009, Mercedes ra Brawn GP. Láti ọdún 2014 títí di 2021, ilé iṣẹ́ tí Honda fi sílẹ̀ ní iye owó pọ́n-ùn kan yẹn gba ife ẹ̀yẹ ikọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ léraléra.

Kí ló yípadà lọ́dún 2026?

Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2026. Abẹ́ ọkọ̀ ti tún tẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, DRS sì ti kógbá wọlé. Dípò rẹ̀, ìyẹ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn gbogbo ọkọ̀ ni yóò máa ṣí lójú ọ̀nà tó gún, tí yóò sì máa padé kó tó wọ kọ́nà. Ohun tí wọ́n fòfin dè lẹ́yìn ìjàm̀bá Montjuïc, tí Brabham fi fáànù wá, tí McLaren fi orúnkún wá, ti di ohun tí òfin fi lé gbogbo ikọ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin tuntun ni ibi tí àlàfo ti máa ń pọ̀ jù, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì dán an wò. Nílẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ìdíje Formula One kò ti wáyé mọ́ láti ìgbà tí Kyalami ní South Africa ti gbà á lálejò lọ́dún 1993, orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wo eré yìí. Bí ẹ bá wò ó nígbà mìíràn, ẹ má ṣe tètè pa ẹ̀rọ yín nígbà tí wọ́n bá ti gbé ife fún olúborí. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ máa ń gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì, tí wọ́n á wo abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì wọn pákó. Títí wọn yóò fi parí, èsì tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ yín kò tíì di èsì gan-an.